Pámpásì Ọmọ Mi Ni Mo Fi Bo Àṣírí

Ọlọ́run tó jẹ́ kí ẹsẹ̀ mi gbé mi dé iwájú pẹpẹ láàárọ̀ yìí, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Rẹ̀. Ẹ bá mi yìn Ín. Ẹ tún bá mi yìn Ín sí i, torí láti ìgbà tí ẹ ti ń kọ orin ìyìn ni mo ti ń sọ fún ara mi pé mi ò ní jáde. Nígbà tí úṣà bèèrè ẹni tó ní ẹ̀rí, mo gbé ọwọ́ sókè, mo tún yára gbé e sílẹ̀. Ọkọ mi tó jókòó tì mí ló fi ẹsẹ̀ gbá mi lẹ́sẹ̀ jẹ́jẹ́. Mo wá dìde.

Mo kí àwọn bàbá wa nínú Olúwa. Mo kí àwọn ìyá ìjọ. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọkùnrin, mo kí yín o, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ilẹ̀ díẹ̀ títí màá fi sọ̀rọ̀ mi tán. Ojú ń tì mí gan-an ni. Bó bá jẹ́ físà ni mo gbà, ariwo ni ǹ bá fi bọnu. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ wa ni wọ́n jí tí a sì rí i padà, ǹ bá ti gba maikirofóònù yìí lọ́wọ́ úṣà kó tó nà án sí mi. Ṣùgbọ́n kì í ṣe olè ló jà mí. Ara mi gan-an ló dà mí.

Ẹ mọ̀ mí. Ìyá Tolú ni mí, a ń gbé ní Jakande Estate níbí. Tíṣà ni mí ní súkúù àdáni kan lápá Èjìgbò, àwọn ọmọ kéékèèké ni mò ń kọ́. Ọmọ mẹ́ta ni Ọlọ́run fún wa: Tolú, ọkùnrin, Ayọ̀, obìnrin, àti Ìrètí, àbíkẹ́yìn wa. Ọ̀pọ̀ nínú yín lẹ wá síbi ìsọmọlórúkọ Ìrètí. Ẹ jẹ, ẹ mu, ẹ gbàdúrà fún wa. Ohun tí ẹ ò mọ̀ ni pé láti orí ìbí yẹn ni nǹkan ti yí padà lára mi.

Ẹ jẹ́ kí n kàn sọ ọ́ bó ṣe wà. Mi ò lè dá ìtọ̀ dúró mọ́.

Ó ti jáde lẹ́nu mi. Ẹ ṣeun.

Tí mo bá wúkọ́, ó ti já. Tí mo bá rẹ́rìn-ín, ó ti já. Tí mo bá sín, ẹ má wulẹ̀ bèèrè. Bí mo bá gbé korobá omi láti ìsàlẹ̀ lọ sí òkè níbi tí à ń gbé, kí n tó dé ẹnu ọ̀nà, abẹ́ mi ti tutù. Níbẹ̀rẹ̀, àkísà ni mò ń lò. Mo gé ìró àtijọ́ kan wẹ́wẹ́, mò ń fọ̀ ọ́ ní kọ̀rọ̀, mò ń sá a sẹ́yìn fìríìjì kí ọkọ mi má baà rí i. Nígbà tó wá pọ̀ sí i, mo bẹ̀rẹ̀ sí í mú pámpásì Ìrètí.

Áà, ẹ̀yin èèyàn Ọlọ́run! Èmi tíṣà, èmi ìyàwó ilé, mò ń fi pámpásì ọmọ ọwọ́ sínú pátá jáde lọ síbi iṣẹ́. Ọkọ mi a máa ní, "Ìyá Tolú, ọmọ yìí mà ń tọ̀ o! Ṣebí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ra èyí ni?" Màá ní bẹ́ẹ̀ ni o, àfi bíi pé ẹ̀rọ ni wọ́n ṣí sí i lára. Mo purọ́ mọ́ ọmọ tí kò tíì lè gbèjà ara rẹ̀. Nígbà tó yá, ọmọ náà ti ń fúnra rẹ̀ fa póò, ó ń fẹ́ jókòó sórí rẹ̀ bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo gbé póò náà sórí kọ́bọ́ọ̀dù níbi tí ọwọ́ rẹ̀ kò ní tó. Tí ọmọ bá kúrò nínú pámpásì, kí ni màá sọ pé mo ń rà á fún?

Ẹ̀yin ará kọ́ọ̀yà, ẹ bi mí ìdí tí mo fi fi yín sílẹ̀, mo ní iṣẹ́ ló pọ̀. Irọ́ ni. Ohùn òkè yẹn ni. Bí mo bá ti fẹ́ gbé e báyìí, nǹkan mìíràn ló máa ń bá a jáde. Ni mo bá lọ ń jókòó sẹ́yìn nítòsí ilẹ̀kùn, ìró dúdú lọ́jọ́ ìsinmi gbogbo. Mo gbọ́ pé àwọn kan ń sọ pé iná ẹ̀mí mi ti ń jó rẹ̀yìn. Mi ò bínú sí wọn. Ó sàn kí wọ́n rò bẹ́ẹ̀ ju kí wọ́n mọ ohun tó ń ṣe mí.

Ọ̀rọ̀ èmi àti ọkọ mi, ẹ jẹ́ kí n fò ó. Ẹ kàn mọ̀ pé mo kó lọ sí yàrá àwọn ọmọ, mo ní Ìrètí kò jẹ́ kí n kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Ó rò pé mi ò fẹ́ òun mọ́. Kò fi ẹnu sọ ọ́, àmọ́ mo ń rí i lójú rẹ̀.

Ẹ ó ní ṣé mi ò gbàdúrà ni? Tí mo bá kúnlẹ̀, màá gbàdúrà fún Tolú, màá gbàdúrà fún Ayọ̀, màá gbàdúrà fún ìjọba àti àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ìhìnrere. Tó bá wá kan èyí, màá ní, "Olúwa, O mọ ọ̀rọ̀ mi," màá sì dìde. Ojú ń tì mí láti dárúkọ rẹ̀ fún Ẹni tó dá mi.

Ìgbà tó wá di oṣù Kérésìmesì tó kọjá, nǹkan burú. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń ṣiṣẹ́, ẹ mọ bí oṣù yẹn ṣe máa ń rí. Mò ń máàkì ìdánwò, mò ń kọ èsì ìdánwò, èmi náà ni wọ́n tún ní kí n rán ìyẹ́ gbogbo áńgẹ́lì tó máa ṣeré ìbí Jésù. Tí mo bá dé ilé, aṣọ wà láti fọ̀, kọ́tìnnì wà láti sọ̀ kalẹ̀, irun Ayọ̀ wà láti dì, adìẹ wà láti rà. Lórí gbogbo èyí ni ọkọ mi wọlé tó ní Màmá ń bọ̀ láti Ìkọ̀lé-Èkìtì, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti fẹ́ ṣe Kérésìmesì.

Ẹ̀rù bà mí. Ìyá ọkọ mi kì í sùn nílé wa. Ìgbàkigbà tí wọ́n bá wá sí Èkó, ilé àbúrò wọn ní Òkè-Àfà ni wọ́n máa ń sùn. Wọ́n á kí wa, wọ́n á súre fún àwọn ọmọ, kí ilẹ̀ tó ṣú wọ́n á ti lọ. Mo ti gbà lọ́kàn ara mi pé wọn ò fẹ́ràn mi. Lọ́dún tó kọjá yìí, àbúrò wọn rìnrìn àjò, kò sí ibòmíràn tí wọ́n lè dé sí. Mo wá ní kí ilé mi tàn bíi dígí, kí Màmá má rí ibi tí wọ́n á nàka sí.

Mo tún wá gbọ́n ọgbọ́n kan. Mo ní ẹni tí kò mu omi, kí ni yóò rí tọ̀? Bí mo bá ti jáde láàárọ̀, omi ò ní kan ọ̀nà ọ̀fun mi títí màá fi padà wọlé. Ọyẹ́ ti dé, eruku ń jà, ètè mi ń bó, orí ń fọ́ mi, ojú mi ń ṣú tí mo bá dìde lójijì. Ìtọ̀ náà ò kúkú dín. Ó tún wá ń ta mí, ó sì ń rùn. Mò ń fi lọ́fíńdà fún ara mi bí ẹni ń fín ilé nítorí ẹ̀fọn.

Ọjọ́ àríyá ìparí táàmù ni àṣírí tú. Màmá onísúkúù wa ti pàṣẹ pé gbogbo tíṣà gbọ́dọ̀ wọ síkẹ́ẹ̀tì funfun. Funfun! Pámpásì sì ti tán nílé láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, àkísà ni mo dì lọ. Àwọn òbí kún inú họ́ọ̀lù, kálukú na fóònù sókè, wọ́n ń ká fídíò ọmọ wọn. Ayọ̀ mi wà lórí pèpéle pẹ̀lú àwọn áńgẹ́lì, torí súkúù kan náà ló ń lọ. Kẹ̀mí, ọmọ kíláàsì mi kan tí ẹnu rẹ̀ dá ṣáṣá, ló di maikirofóònù mú, òun ló fẹ́ ka ẹsẹ Bíbélì.

Ọmọkùnrin kan tó ṣe àgùntàn ló kọ̀ tí kò gun pèpéle, ó ń ké. Mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé e. Bí mo ṣe gbé e ni eruku inú òwú tí mo lẹ̀ mọ́ ọn lára kó sí mi nímú. Mo wúkọ́. Mo tún wúkọ́. Ikọ́ ò dúró. Ẹ gbọ́, kì í ṣe díẹ̀ ló já lọ́jọ́ yẹn. Ó gba itan mi sọ̀ kalẹ̀, ó wọnú bàtà.

Kẹ̀mí wò mí. Ọmọdé ni, kò mọ nǹkan kan. Ohun tó máa ń ṣe ní kíláàsì tí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá tọ̀ sára náà ló ṣe. Ó kígbe sínú maikirofóònù, "Àǹtí! Àǹtí ti tọ̀ sára!"

Gbogbo họ́ọ̀lù gbọ́ ọ. Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín, àwọn àgbà kan náà sì rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ tí Màmá onísúkúù ń pariwo pé, "Ẹ fi orin sí i! Ẹ yáa fi orin sí i!" Mo gbé ọmọ kalẹ̀, mo gba ẹ̀yìn jáde. Mi ò mú báàgì mi.

Mi ò lè wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, torí báwo ni màá ṣe jókòó sórí àga wọn? Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn láti Èjìgbò gba Òkè-Àfà dé Jakande. Mo ti rìn jìnnà kí n tó gbọ́ ìró bàtà lẹ́yìn mi. Ayọ̀ ni, ó ń sáré tẹ̀ lé mi pẹ̀lú ìyẹ́ áńgẹ́lì lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn èèyàn ń wo ọmọ, wọ́n ń wo ìyá. Ó ní, "Mummy, ṣé àìsàn ni?"

Mo yíjú padà, mo jágbe mọ́ ọn lójú títì. Mo ní kó panu mọ́. Mo ní tó bá sọ nǹkan kan fún dádì rẹ̀, màá nà án.

Ìgbà tí a gun àtẹ̀gùn débi ilẹ̀kùn wa, Màmá ti dé. Ọkọ̀ wọn ti yára ju bí a ṣe rò. Wọ́n jókòó sórí báàgì wọn níwájú ilẹ̀kùn. Ó yẹ kí n kúnlẹ̀ kí wọn, mi ò lè kúnlẹ̀. Mo kàn dúró bí igi. Wọ́n wo síkẹ́ẹ̀tì mi, wọ́n wo Ayọ̀, wọ́n tún wo ojú mi. Wọ́n ní, "Lọ wẹ̀, ọmọ mi. Lọ wẹ̀." Mo rò pé ìkórìíra ló wà nínú ohùn yẹn.

Láti ọjọ́ yẹn, mò ń sá fún Màmá nínú ilé mi. Tí wọ́n bá wọ ilé ìdáná, màá bọ́ sí bákónì. Wọ́n bi mí lẹ́ẹ̀kan pé, "Ìyàwó mi, ṣé ìwọ kì í mu omi ni?" Mo ní mò ń mu ún mà. Nígbà tó wá sú mi, mo wọ balùwẹ̀ lọ, mo ṣí omi ẹ̀rọ kí wọ́n má baà gbóhùn mi, mo dojú bolẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo dárúkọ rẹ̀ fún Ọlọ́run. Mo ní, "Olúwa, ìtọ̀ ni. Ìtọ̀ ló ń dà lára mi. Ràn mí lọ́wọ́. Bo àṣírí mi. Má jẹ́ kí Màmá mọ̀, má jẹ́ kí ọkọ mi mọ̀." Mo sunkún títí ọwọ́ mi fi hunjọ nínú omi.

Ọ̀sán ọjọ́ tí Kérésìmesì ku ọ̀la, mo ń din adìẹ. Ilé ìdáná wa kéré, ooru pọ̀, láti àárọ̀ mi ò tíì fi nǹkan kan kan ẹnu. Màmá jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Ìrètí ń ṣeré lẹ́sẹ̀ wọn. Ọkọ mi wà ní pálọ̀, ó ń so kọ́tìnnì padà. Mo fẹ́ yí adìẹ náà nínú òróró gbígbóná. Ìrètí sá wọlé, ó dì mọ́ ìró mi lẹ́yìn, ó ní kí n fún òun lẹ́ran. Mo fẹ́ yíjú sí i. Gbogbo nǹkan bá dúdú.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n sọ ọ́ fún mi ni. Wọ́n ní bí mo ṣe ń ṣubú ni ọwọ́ mi gbá ìkòkò òróró. Màmá fò sókè. Obìnrin tó ń fi ọwọ́ ti orúnkún kó tó lè dìde o! Wọ́n fa Ìrètí lápá, wọ́n jù ú sẹ́yìn wọn, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ ti èmi náà kúrò lójú ibi tí òróró ń dà sí. Ibi tí orí ọmọ mi wà tẹ́lẹ̀ gan-an ni òróró náà balẹ̀ sí. Ìwọ̀nba tó ta sí mi lápá nìyí, ẹ wo àpá rẹ̀. Ọmọ mi ò ní àpá kankan lára. Màmá ò ní. Ẹ bá mi dúpẹ́!

Nígbà tí mo lajú, ọkọ mi ti ń gbé mi. Mo mọ̀ pé mo ti rin gbingbin. Ẹ wo ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu mi. Mo ní, "Ẹ má gbé mi. Mo ti tọ̀ sára, màá ba aṣọ yín jẹ́."

Ó ní, "Ìyá Tolú, jọ̀ọ́, dákẹ́. Jẹ́ kí n gbé ẹ."

Òun àti Màmá gbé mi dé ilé ìwòsàn kan ní Ìsọlọ̀, wọ́n fi omi sí mi lára. Nọ́ọ̀sì ń bi mí léèrè. Ṣé mò ń mu omi? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé ìtọ̀ ń ta mí? Mo ní rárá. Ṣé ó máa ń já mọ́ mi lára? Mo wo ọkọ mi, mo ní rárá o. Èèyàn tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, ó ṣì ń purọ́.

Màmá yíjú sí ọkọ mi. Wọ́n ní, "Lọ bá wa wá omi inú ike tó tutù." Ó ní omi wà nínú báàgì. Wọ́n ní, "Mo ní èyí tó tutù." Ó jáde.

Màmá fa àga mọ́ mi. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, o rò pé mi ò mọ̀? Ọjọ́ tí mo dé ni mo ti mọ̀. Èmi náà nìyí. Láti orí àbíkẹ́yìn mi ni."

Mo ń wò wọ́n.

"Kí lo rò pé ó ń fà á tí mi ò fi ń sùn nílé rẹ? O rò pé mi ò fẹ́ràn rẹ. Mátírẹ́ẹ̀sì rẹ ni mò ń bẹ̀rù, kí n má lọ tọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì ìyàwó ọmọ mi. Bàbá ọkọ rẹ wọ sàréè lọ, kò mọ̀. Mo fi ẹgbẹ́ ìyá nínú ìjọ wa sílẹ̀, mo ní orúnkún ló ń dùn mí. Bó o ṣe ń sá kiri nínú ilé yẹn, ara mi ni mò ń rí. Mo fẹ́ bá ẹ sọ̀rọ̀, ojú ń ti èmi náà."

Àwa méjèèjì bú sẹ́kún. Ẹ̀yin ará, ìyá ọkọ àti ìyàwó, a di ara wa mú, omi tí wọ́n fi sí mi lọ́wọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Nọ́ọ̀sì náà kò lé wa. Ó dúró títí a fi sunkún tán, ó ní, "Ẹ̀yin màmá, ẹ gbọ́ mi. Ẹran ara tó ń di ẹnu ilé ìtọ̀ mú ló ti dẹ̀. Ọmọ bíbí ló ń fà á fún ọ̀pọ̀ obìnrin. Kì í ṣe èpè, kì í ṣe ọ̀tá. Ó ní ìtọ́jú. Ìtìjú ni kì í jẹ́ kí wọ́n wá." Ó wá kọjú sí mi. "Ẹ̀yin, omi tí ẹ ò mu ló fẹ́ pa yín, kì í ṣe èyí tó ń jáde."

Wọ́n yẹ ìtọ̀ mi wò, kòkòrò ti wọ̀ ọ́. Òògùn rẹ̀ wà níbẹ̀, wọ́n fún mi.

Ọkọ mi padà dé pẹ̀lú omi tútù. Màmá ní, "Sọ fún un." Mo sọ fún un. Mo sọ ti pámpásì, mo sọ ti póò orí kọ́bọ́ọ̀dù, mo sọ ti súkúù. Mo bojú mi bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ó wá ní, "Ṣé nítorí èyí lo ṣe kó kúrò lọ́dọ̀ mi?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Mo rò pé o ti rí ẹlòmíràn." Ni ọkùnrin náà bá fi fìlà bojú. Ẹ má wò ó báyìí, ẹ jọ̀ọ́. Mo ti ní kí ẹ máa wo ilẹ̀.

Ọjọ́ Kérésìmesì ni wọ́n dá wa sílẹ̀ lọ́sàn-án. Ìyá Rọkíbà, aládùúgbò wa tó jẹ́ Mùsùlùmí, ti fọ òróró kúrò nílẹ̀ ilé ìdáná mi, ó ti din ìyókù adìẹ. Ìdajì irun Ayọ̀ wà ní dídì, ìdajì wà ní títú. Kò sí ṣinṣín tí a máa ń din fún àlejò. Kọ́tìnnì kan wà ní síso, èkejì wà nílẹ̀. Kò sẹ́ni tó nàka sí nǹkan kan. Mo mu omi lọ́jọ́ náà títí ikùn mi fi ń ró.

Mo pe Ayọ̀ sí kọ̀rọ̀. Mo ní, "O béèrè lọ́wọ́ mi pé ṣé àìsàn ni. Bẹ́ẹ̀ ni, àìsàn ni. Má bínú pé mo jágbe mọ́ ẹ." Ọmọ náà ní, "Mo kàn fẹ́ fi ìyẹ́ mi bo ẹ̀yìn yín ni, mà. Ẹ ń yára jù."

Ẹ jẹ́ kí n nu ojú mi.

Nígbà tí súkúù wọlé, ó kù díẹ̀ kí n má padà lọ. Ẹ̀rù fídíò ń bà mí. Títí di òní, mi ò tíì rí i níbì kankan, ẹnikẹ́ni ò sì sọ pé òun rí i. Màmá onísúkúù gbé báàgì mi fún mi, ó ní káàbọ̀, kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní àsìkò ìsinmi, Kẹ̀mí wá bá mi nídìí tábìlì. Ó sọ ọ́ sí mi létí: "Àǹtí, èmi náà máa ń tọ̀ sílé. Mummy mi máa ń nà mí." Mo gbé e lé ẹsẹ̀. Mo ti pe ìyá rẹ̀, a ti jọ sọ̀rọ̀.

Ilé ìwòsàn ní kí n máa wá sọ́dọ̀ àwọn tó ń kọ́ni bí a ṣe ń fún ẹran ara náà lágbára. Màmá ò padà sí Ìkọ̀lé bọ̀rọ̀, àwa méjèèjì la jọ ń lọ. Ẹ ó fún ibẹ̀ pọ̀ bí ẹni tí ìtọ̀ ń gbọ̀n, ẹ ó dì í mú, ẹ ó tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò lè wò yín kó mọ̀. A máa ń ṣe é nídìí ẹ̀wà tí à ń ṣà, a ó máa wo ojú ara wa, a ó máa rẹ́rìn-ín. Mò ń ṣe é bí mo ṣe dúró síwájú yín yìí.

Mi ò ní purọ́ lórí pẹpẹ. Kò tíì tán pátápátá. Àmọ́ mo ń rẹ́rìn-ín báyìí, kò já. Mo ń gbé korobá, tí mo bá kọ́kọ́ fún ara mi pọ̀, kò já. Ikọ́ ló ṣì máa ń bá mi ṣe é nígbà míì. Mo ti padà sí yàrá ọkọ mi. Mo ti gbé póò sọ̀ kalẹ̀, Ìrètí ti bọ́ nínú pámpásì. Mo gbàdúrà pé kí Ọlọ́run bo àṣírí mi. Ó gba ẹ̀mí mi, Ó gba ojú ọmọ mi lọ́wọ́ òróró gbígbóná, Ó sì fún mi ní ìyá. Ìyẹn tó mi í dúpẹ́ fún.

Màmá ti padà sí Ìkọ̀lé báyìí, mo pe wọ́n lórí fóònù lánàá. Mo ní mo fẹ́ jẹ́rìí, mi ò ní dárúkọ wọn. Wọ́n ní, "Sọ tèmi mọ́ tìẹ. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń dá a gbé." Ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́ ọ.

Ẹ̀yin obìnrin tí ojú yín ti yí padà láti ìgbà tí mo ti ń sọ̀rọ̀, mo rí yín. Mi ò ní pe ẹnikẹ́ni jáde. Tí a bá parí ìsìn, ẹ̀yìn níbi tí mo máa ń jókòó nítòsí ilẹ̀kùn ni màá wà. Ẹ má sọ nǹkan kan fún mi tí ẹ ò bá fẹ́. Ẹ kàn wá jókòó tì mí. A ó jọ mọ ọjọ́ tí a ó lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹ bá mi fògo fún Ọlọ́run o! Ẹ̀yin onílù, ẹ fún wa lórin. Ẹni tó bá lè fò, kó bá mi fò. Ẹni tó bá mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé òun ò lè fò, kó jókòó, kó pàtẹ́wọ́, kó má tijú. Èmi náà, màá jókòó pàtẹ́wọ́ lónìí. Ọlọ́run tó ń rí ẹni tó ń fò náà ló ń gbọ́ àtẹ́wọ́ wa.